Ọ̀kan Lẹ́yìn, Ọ̀kan Lọ́wọ́

Dánfó tó ń bọ̀ láti Àbúlé Ẹ̀gbá kò tíì dúró tán nígbà tí kọ̀ndọ́ fò sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìpájà. "Òṣòdì! Òṣòdì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Obìnrin kan wà létí títì, ó pọn ìkókó, báàgì ìlédìí wà léjìká rẹ̀, ó sì di ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ mú. Ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ló dì mú, kò di àtẹ́lẹwọ́, nítorí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé a máa yọ̀ bọ́rọ́.

Kọ̀ndọ́ rí i, ó gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ké sí awakọ̀ pé, "Ó lóyún, ó pọnmọ o!"

Kò sí ará Èkó tí kò mọ igbe yìí. Obìnrin náà kò lóyún, ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Kí awakọ̀ tẹ bíréèkì dáadáa ni wọ́n fi ń ké e, kí ọkọ̀ dúró gbọn-in, kí ẹni tí ẹrù wà lára rẹ̀ lè ráyè gòkè. Awakọ̀ dúró lóòótọ́. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sún wọlé. Ìyá àgbàlagbà kan nawọ́ gba báàgì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti ọmọkùnrin. Bí ìyá rẹ̀ ṣe gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó jókòó pẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. "Gbé mi." Ìyá rẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀, kí ìkókó má baà yọ lẹ́yìn, kò sì lè fi í sílẹ̀ kí òun gòkè. Gbogbo èrò di olùdámọ̀ràn. "Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ wọlé!" "Rárá, Mọ̀mí, ẹ wọlé ná, ká wá na ọmọ sí yín!" Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Ni kọ̀ndọ́ bá ki ọmọ lábíyá, ó gbé e ka itan ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ọmọ figbe ta, ọkọ̀ gbéra. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ìbéèrè fi dé: "Mọ̀mí, ẹ máa gbé e lẹ́sẹ̀ ni àbí ẹ máa sanwó ẹ̀?"

Tèmi ni pé ìlú wa mọ aboyún, ó sì mọ ìkókó. Ẹni tí ìlú kò mọ̀ ni ọmọ ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lé lórí. Ó ti tóbi ju ẹ̀yìn lọ, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì tíì tó ti títì. Òun gan-an ló ń mú kí ìrìn ọlọ́mọ tuntun le, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni kì í rò mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ètò ọkọ̀, ètò ilé ìwòsàn tàbí ètò ìsinmi iṣẹ́.

Ìrìn tí kò ṣeé yẹ̀

Àwọn kan á ní kí ló gbé ọlọ́mọ tuntun jáde nílé. Ó dùn ún sọ lẹ́nu. Ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára ti Nàìjíríà kò gbà fún un. Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ ni yóò ti gba ti ikọ́ fée àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú, tí wọ́n á sì kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí i lẹ́nu. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, yóò padà. Ọ̀sẹ̀ 10, yóò padà. Ọ̀sẹ̀ 14, yóò tún padà. Èéyi àti ibà pọ́njú di oṣù 9, èéyi ẹ̀ẹ̀kejì di oṣù 15. Káàdì tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí kò gbọdọ̀ sọnù. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi ọ̀rá wé e bí ìwé ilẹ̀.

Láyé àtijọ́, ogójì ọjọ́ ni ìyá ìkókó fi ń wà nínú ilé. Ọ̀sẹ̀ 6 ti ilé ìwòsàn kò jìnnà sí i, ọjọ́ 42 ni. Àárọ̀ ọjọ́ tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, tí ara rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò, ni wọ́n ń retí pé kó jí dé ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pín ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó bá pẹ́ dé á jókòó dọ̀sán.

Lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀gbọ́n ọmọ kò ní abẹ́rẹ́ kankan láti gbà, síbẹ̀ òun ló ń mú kí ọjọ́ gùn. Omi ló kọ́kọ́ fẹ́ mu. Lẹ́yìn omi, ó fẹ́ tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rí gálà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíì. Mo rí ọmọbìnrin kan tó jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi so àbúrò rẹ̀ rọ̀ sórí òṣùwọ̀n, tí wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó. Ó fò dìde, ó di aṣọ nọ́ọ̀sì mú lẹ́yìn, ó ń ké pé, "Ẹ má gbé e lọ! Ọmọ wa ni!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wá ibi tí yóò gbé báàgì sí kó lè ráyè fà á kúrò.

"Tó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n ń wá dáadáa," ni nọ́ọ̀sì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọmọdé ní Agége sọ. "Láti ọ̀sẹ̀ 10 ni àwọn kan ti ń yọ́ kúrò. Tí mo bá bi wọ́n, wọn kì í sọ pé àwọn gbàgbé. Wọ́n á ní, 'Nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tí mo fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tì.'"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rán mi létí ohun kan. Nígbà tí ìjọba fẹ́ lé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀ yìí, wọn kò dúró de ìyá kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé oògùn kiri láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri, títí wọ́n fi kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé ẹ̀yà àrùn náà tó ń dá rìn ti kúrò ní Áfíríkà. Wọ́n mọ ọ̀nà ilé wa nígbà náà.

Abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló ń múni jáde. Jẹ́lé-ó-sinmi ń lé ọmọ jáde lọ́sàn-án, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ lọ mú un. Ẹni tó ń tajà kò ní ìsinmi ìbímọ kankan. Ọjọ́ tí kò bá dé ìsọ̀, kò jẹ. Òfin iṣẹ́ sọ pé kí obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gba ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán pẹ̀lú ààbọ̀ owó oṣù, mẹ́fà níbẹ̀ sì jẹ́ ti ṣáájú ìbímọ. Ẹ ṣírò ohun tó kù.

Ẹ̀yìn kan ni Ọlọ́run dá mọ́ni

Kí àlàfo ọdún mẹ́ta wà láàárín ọmọ méjì kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1977, John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat, àwọn onímọ̀ nípa iye ènìyàn láti Ọsirélíà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí tọkọtaya nílẹ̀ Yorùbá ṣe ń takété síra wọn lẹ́yìn ìbímọ. Ó lè tó ọdún méjì, ó lè tó mẹ́ta, kí wàrà ìyá má baà bàjẹ́, kí ọmọ tó wà lọ́mú má baà rù. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ń gbani nímọ̀ràn pé kí ìyá fi oṣù 24, ó kéré tán, sílẹ̀ kó tó tún lóyún.

Ẹ ro oṣù oyún mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbọ́ ti àgbà, tó sì gbọ́ ti dókítà, tó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ibi kan náà ni yóò bá ara rẹ̀: ìkókó lẹ́yìn, ọmọ bí ọdún mẹ́ta nílẹ̀.

Agboolé ló yàtọ̀. Nígbà tí ìyá ọlọ́mọ bá ń lọ sóko tàbí sọ́jà, ìkókó nìkan ló ń pọ̀n. Èyí tó ti ń rìn wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tàbí lẹ́yìn àwọn ọmọ ilé tó jù ú lọ, tàbí lọ́dọ̀ ìyàálé tó ń dín àkàrà lójúde. Lónìí, yàrá kan àti pálọ̀ ni, géètì wà níwájú, aládùúgbò tó o lè kàn sí ti jáde láti ààjìn kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká a mọ́ Bẹ́gà.

Ọ̀já kò yí padà ní tirẹ̀. Ẹ wo ẹni tó mọ ọmọ pọ̀n dáadáa. Á tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi tẹ́jú, á di ọmọ mú lábíyá, á yí i gba ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀yìn. Á na aṣọ bò ó, á ká a mọ́ ọn nídìí, á so ó lókè ọmú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀já á gba abẹ́ ìdí ọmọ kọjá, á fà á le, á ta á ní kókó níwájú. Á wá gbọn ara lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ lè jókòó dáadáa. Ẹsẹ̀ ọmọ yà gba ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ìyá rẹ̀, etí kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, oorun sì dé.

Àwọn oníṣègùn egungun ọmọdé fẹ́ràn ẹsẹ̀ tó yà yẹn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni orí egungun itan ìkókó ṣe ń jókòó sínú ihò rẹ̀ láìyẹ̀. Òyìnbó náà sì ti rí i. Ann Moore, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ sìnlú ní Tógò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wo bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń pọnmọ. Nígbà tó padà sílé tó bí tirẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ rán àpò ìgbọ́mọ kan, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní ọdún 1969. Snugli ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ àpò ìgbọ́mọ olówó ńlá tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun báyìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ìyá ní Lẹ́kí ń so mọ́ àyà, ọmọ ọmọ ìmọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde ni. A tún wá ń rà á padà ní dọ́là.

Àmọ́ ọmọ méjì kì í gba ọ̀já kan. "Mo ti dán an wò," ni ìyá kan tó ń ta ìpara ní Agége sọ fún mi. "Mo pọn ti ńlá, mo gbé kékeré sáyà. Ìdí ń dùn mí dọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi ń rìn, ó ń sunkún, èmi náà ń rìn."

Ọ̀já kì í sì í ṣe bẹ́líìtì. Obìnrin tó bá pọnmọ wọ ọkọ̀ kò lè fẹ̀yìn ti àga láìtẹ ọmọ mọ́lẹ̀, nítorí náà ló ṣe máa ń tú u kó tó jókòó, á yí ìkókó wá síwájú, á gbé e lé itan. Itan yẹn náà ni kọ̀ndọ́ ń sọ pé kó gbé ẹ̀gbọ́n lé.

Kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà, àtẹ̀gùn

Orúkọ Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso Èkó láàárín 1996 sí 1999, ni a fi ń pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Márúwá, nígbà tirẹ̀ ni wọ́n kó o dé. Fún ọlọ́mọ méjì, kò burú tó dánfó: kò ga, ẹni mẹ́ta péré ló ń jókòó lẹ́yìn. Ó kàn jẹ́ pé kò nílẹ̀kùn. Àwọn kan fi irin dí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tó kọjú sí títì. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ti ọmọ sáàárín," ni oníkẹ̀kẹ́ kan ní Ìkòtún wí. "Wọ́n á ní ó fẹ́ wo ìta. Ta ni kò fẹ́ wo ìta? Tí mo bá yà sí ihò lójijì, ṣé ìta ló máa dì í mú?" Ó ní òun kì í gbéra tí ọmọdé bá wà létí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe bí awakọ̀ ilé ìwé.

Ọ̀kadà ni ká má sọ ọ́ rárá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é pátápátá ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, tí Ìkẹjà, Súrùlérè, Etí-Ọ̀sà àti Àpápá wà nínú wọn. Lẹ́yìn ibẹ̀, àti káàkiri ìpínlẹ̀ yòókù, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ìjókòó àwọn èrò sì ti di mímọ̀: ẹ̀gbọ́n níwájú lórí táǹkì, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin ìdarí, ọlọ́kadà, ìyá, ìkókó lẹ́yìn. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Tí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀, sàlẹ́ńsà ṣì wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹsẹ̀ ọmọ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo inú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ àdúgbò yín, ẹ óò rí àpá rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, Máíkírà ni. Ẹni méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó kéré tán ẹni mẹ́ta lẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́ta kì í sì í ṣe ènìyàn nínú ìṣirò. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló dúró sí, ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn àga iwájú.

Kí ló dé tí wọn kì í sanwó àga fún un? Owó ni. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà tí kò tó náírà 200 di 488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Owó ọkọ̀ tẹ̀lé e. Àga kan fún ẹni tí kò wúwo ju àpò gàrí kékeré lọ ti wá di ọ̀rọ̀ ìpinnu láàárọ̀: àga ni, àbí oúnjẹ ọ̀sán?

Kò sì sí ìlànà. Mo bi kọ̀ndọ́ kan pé ọdún mélòó ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. "Tó bá ti lè dá jókòó, owó ni," ló fèsì. Ìkejì rẹ̀ ní ó di ìgbà tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù. Ẹ̀kẹta wo ojú ìyá ọmọ kó tó dáhùn, mo sì gbà pé òun ló sọ òótọ́.

Bọ́ọ̀sì BRT ti Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, ní ìjókòó tó fẹ̀ ju ti dánfó lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibùdó rẹ̀ wà lórí òpópónà ńlá, afárá ẹlẹ́sẹ̀ lo máa gbà dé ibẹ̀ tàbí kúrò níbẹ̀. Ní Òjótà tàbí Kétu, àtẹ̀gùn yẹn gùn fún ẹni tí kò ru ohunkóhun. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ìtẹ̀ kan kó tó bọ́ sí òmíràn, àwọn tó ń kánjú ń ti í lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ìyá ọlọ́mọ tó ń sá kọjá lábẹ́ afárá, láàárín ọkọ̀. Wọ́n máa ń pè é ní aláìgbọràn. Mi ò lè pè é bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni àwọn ìyá tí mo bá sọ̀rọ̀ yìn jù. Ìlà aláwọ̀ búlúù, láti Marina dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Aláwọ̀ pupa, láti Agbádó dé Oyíǹgbò, tẹ̀lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. "Ó dúró, ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ mi fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Kò sí ẹni tó jù ú." Wàhálà ni bí èèyàn yóò ṣe dé ibùdó náà láti ilé. Ìyẹn tún di kẹ̀kẹ́.

Ẹni tó ní mọ́tò ti ara rẹ̀ náà kò bọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àga ìdáàbòbò ọmọdé lè dín ikú ìkókó nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ́jà òkìrìkà, kò sí ẹni tó lè sọ fún ọ bóyá ó ti wà nínú ìjàm̀bá rí. Àti pé tí ìdílé bá rí ẹyọ kan rà, ìkókó ni wọ́n ń gbé e fún. Ẹ̀gbọ́n á dúró sáàárín àga iwájú méjèèjì, á máa bá awakọ̀ wo títì.

Ní Peckham ńkọ́?

Àwọn ará ilé máa ń rò pé ìlú òyìnbó ti yanjú gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í sanwó ọkọ̀, ìyẹn mú ìbéèrè kọ̀ndọ́ kúrò pátápátá. Bọ́ọ̀sì ń rẹlẹ̀ wá bá ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ń yí geere lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí kò sí gọ́tà tó ṣí ẹnu sílẹ̀.

Àmọ́ àyè tí kẹ̀kẹ́ ọmọ ń dúró sí nínú bọ́ọ̀sì, ti arọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ni. Ní ọdún 2012, Doug Paulley, ẹni tó ń lo irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Leeds. Obìnrin kan ti gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ sí àyè náà, ọmọ ń sùn, ó ní kẹ̀kẹ́ òun kò ṣeé ká. Paulley kò ráyè wọ̀ ọ́. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba, wọ́n sì dájọ́ ní oṣù Kíní ọdún 2017 pé kí awakọ̀ kàn bẹ èèyàn lẹ́ẹ̀kan kò tó. Ó yẹ kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n lè ṣí àyè náà sílẹ̀. Mo gbà pé ìdájọ́ náà tọ́. Síbẹ̀ àánú obìnrin yẹn ń ṣe mí.

Obìnrin Yorùbá kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ bí òun ṣe yí i po. "Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ, ìkókó ni gbogbo èèyàn ń rò pé ó wà fún. Mo gbé ẹ̀gbọ́n sí i. Mo fi ọ̀já pọn àbúrò. Tí arọ bá fẹ́ wọlé, mo ká kẹ̀kẹ́ ní kíá, ọmọ ti jókòó sí àga. Tí ìkókó ló bá wà nínú ẹ̀ tó ń sùn, báwo ni màá ṣe ká a?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń lo pátákó onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí ẹ̀gbọ́n ń dúró lé.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: kò sí bí ẹ̀yìn ṣe lè su ìkókó. Ẹni tó fẹ́ táyà ni ọmọ ọdún mẹ́ta. L'Ékòó, níbi tí a kò ti ní ibi tí táyà kékeré lè yí, inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà ńlá ni kẹ̀kẹ́ ọmọ ti ń rìn.

Ọwọ́ kejì

Ìyá àgbà ṣì ń wá wẹ ọmọ, Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa. Àmọ́ àwọn náà ní ìsọ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ọmọ mìíràn ní Kánádà tó ń dúró dè wọ́n. Tí ogójì ọjọ́ bá ti pé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á di ẹrù. Ọ̀sẹ̀ 10 àti 14 kì í bá wọn nílé.

Nítorí náà àwọn ìyá ń dá ọgbọ́n. Ní ibi abẹ́rẹ́ kan, mo rí mẹ́rin nínú wọn tó ti gbà láàárín ara wọn pé ẹnì kan á dúró níta pẹ̀lú gbogbo ẹ̀gbọ́n, àwọn yòókù á wọlé, tí wọ́n bá jáde, òun náà á wọlé. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pe ẹni tó bá mú ọmọ méjì wá. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n níṣẹ́. Ọmọ tó ń jowú àbúrò rẹ̀ ló máa ń jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà pé kí wọ́n gbé òun. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ro ó. Fún un ní káàdì kó gbé e, sọ fún un pé òun ló máa fún nọ́ọ̀sì, yóò rìn. Ìyá onípara tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní tirẹ̀ ń ta ọ̀já kí ìdí rẹ̀ kan lè gùn, kó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń di ìdí ọ̀já náà mú, ó gbà pé òun ló ń fa ìyá òun àti àbúrò òun lọ. Ọwọ́ ìyá ráyè fún báàgì. Lórí títì ńlá ṣá, ó ní òun ń di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá dà? Lóòótọ́, ọkùnrin tó pọnmọ lójú títì kò ṣọ̀wọ́n mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ ṣì ń bi í pé ṣé ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó wọn bímọ ní ìsinmi ọjọ́ 10 láti ọdún 2014. Ìjọba àpapọ̀ fún tirẹ̀ ní ọjọ́ 14 tí a kò ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni kò fúnni ní nǹkan kan.

Ẹ wo ìgbà tí ìsinmi yẹn ń bọ́ sí. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ, nígbà tí ìyá kì í jáde, tí ìyá àgbà wà nílé, tí ìsọmọlórúkọ ń lọ lọ́wọ́. Bàbá á jẹ̀gbádùn àlejò tán, á padà síbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 6 á wá dé, ìyá á di ọmọ lọ́rùn ọwọ́ mú, á dúró létí títì.

Oníṣirò owó kan ní Ìbàdàn, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, wo káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó sì lọ tọrọ wọn lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú ìsinmi ọdún rẹ̀. Ọ̀gá wo ìwé náà títí. Ó bi í pé, "Ṣé ìwọ ló fẹ́ gba abẹ́rẹ́ ni? Ṣé ìyàwó ẹ ò lè gbé ọmọ ni?"

"Mo ní, 'Ó lè gbé e, sà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ dì mú.'"